Dígí Tó Ń Funfun Bí Iná Bá Lọ

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń gé dígí. Mo ti gé ti fèrèsé, mo ti gé ti ilẹ̀kùn àti ti àpótí tí wọ́n ń pàtẹ ọjà sí. Nínú gbogbo rẹ̀, oríṣi kan ṣoṣo ni mo máa ń fi yangàn, torí pé èmi nìkan ni mo mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó ní gbogbo àdúgbò wa. Bí iná bá wà, dígí náà á mọ́ gaara bí omi inú ife. Bí iná bá lọ, á funfun bí wàrà, o ò sì ní í rí ẹni tó wà lódìkejì.

Àwọn oníbàárà máa ń rò pé iná ló ń sọ ọ́ di funfun. Òdìkejì rẹ̀ ni. Funfun ni wọ́n ṣe é. Iná ló ń là á lójú. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló wà láàárín dígí méjì, ó dà bí ọ̀rá tí àwọn ọmọ ilé ìwé fi ń bo ìwé wọn. Inú awọ náà kún fún ẹ̀kán oje wínníwínní tí ojú lásán kò lè rí. Nínú ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan ni àwọn nǹkan kan wà tó rí bí abẹ́rẹ́, wọ́n sì kéré ju ohun tí ènìyàn lè fẹnu sọ lọ. Bí kò bá sí iná, oníkálukú wọn á kọjú síbi tó wù ú. Ìmọ́lẹ̀ tó bá wọlé á forí sọ ẹ̀kán kan, á yà. Á forí sọ òmíràn, á tún yà. Ìmọ́lẹ̀ náà kò sọnù. Ó ń jáde lódìkejì, ṣùgbọ́n ó ti tú ká, kò rántí ibi tó ti wá mọ́. Ìdí kan náà ló mú kí kùrukùru funfun, bẹ́ẹ̀ omi lásán ni kùrukùru, omi kò sì ní àwọ̀. Ṣùgbọ́n bí iná bá ti gba inú awọ yẹn kọjá, àwọn abẹ́rẹ́ náà á tò, wọ́n á kọjú síbì kan, ìmọ́lẹ̀ á sì gba àárín wọn kọjá bí ẹni pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Tíṣà ni ìyàwó mi. Àwọn ọmọ kéékèèké ló kọ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Gbogbo ènìyàn ló ń pè é ní Tíṣà, èmi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣàlàyé dígí yìí fún un ní ṣọ́ọ̀bù, mo sọ ọ́ títí, mo tún yàwòrán rẹ̀ sórí páálí. Ó wò mí, ó ní, "Agogo àárọ̀ ni."

Mo bi í pé kí ló ń wí.

Ó ní, "Kí agogo tó lù, àwọn ọmọ á máa sáré kiri pápá, ẹ ò lè la àárín wọn kọjá kí wọ́n má forí sọ yín níkùn. Agogo lù, wọ́n tò, ẹ lè gba àárín ìlà wọn rìn dé ògiri. Ṣé ohun tí ẹ ti ń ṣàlàyé láti ọ̀sán nìyẹn?"

Ohun náà nìyẹn. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń pè mí ní Bàbá Oníkùrukùru. Ó máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kùrukùru ni ọkọ òun ń tà, àwọn ènìyàn sì ń rà á. Bí wọ́n bá bi í pé irú dígí wo ni èyí tí kì í là àfi bí iná bá wà, á ní ó jọ ẹni tó ń tò ó ni, ẹni tí kì í la ẹnu àfi tó bá jẹun yó. N kì í rẹ́rìn-ín sí i. Ó yẹ kí n máa rẹ́rìn-ín.

Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ilé ìwòsàn tó wà ní ìkángun òpópónà wa ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ń kọ́ wọ́ọ̀dù tuntun fún àwọn tí àrùn ẹ̀dọ̀fóró tó ń ràn bá ń ṣe. Yàrá mẹ́fà ni. Ẹbí aláìsàn kò ní í wọlé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n á dúró sí, wọ́n á sì máa wo ènìyàn wọn láti ara dígí. Bí nọ́ọ̀sì bá fẹ́ wẹ aláìsàn, á tẹ súìṣì, dígí á funfun. Wọn kò fẹ́ kọ́tìnnì, torí pé kọ́tìnnì ń kó kòkòrò àrùn jọ.

Ọkùnrin gíga kan ni oníná ilé ìwòsàn náà, Òpó ni wọ́n ń pè é. Nígbà tó kù kí a so wáyà, ó mú mi lọ síwájú ògiri tí bọ́ọ̀dù iná méjì wà. Bọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ ló ń gbé gílóòbù, fáànù àti ẹ̀rọ ìfọṣọ. Èkejì ni ti ẹ̀rọ tó ń bá aláìsàn mí àti gbogbo ohun tí ẹ̀mí dúró lé. Bí iná ìlú bá lọ, jẹnẹrétọ̀ á gbé ìyẹn kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Òpó bi mí pé èwo ni ká so dígí mọ́. Mo ní ká so ó mọ́ ti àkọ́kọ́.

Ó ní, "Bàbá, bí iná bá wá lọ ńkọ́?"

Mo ní, "Kó funfun." Mo sọ fún un pé aláìsàn kì í ṣe ohun ìwòran. Bí iná bá lọ tí gbogbo nǹkan dàrú, ohun tó tọ́ ni pé kí àṣírí ẹni tó dùbúlẹ̀ wà ní bíbò. Mo tún ní ká má fi dígí di ẹrù ru jẹnẹrétọ̀, torí pé dígí kì í gba ẹ̀mí là. Ó dá mi lójú. Lójú ara mi, ọ̀rọ̀ ọmọlúwàbí ni mo sọ. Òpó kọ ọ́ sínú ìwé, mo sì buwọ́ lù ú.

Àfọwọ́fà ni. N kò ní orúkọ mìíràn tí mo lè pè é.

Nígbà tí wọ́ọ̀dù náà ti ń ṣiṣẹ́, ikọ́ ló kọ́kọ́ mú Tíṣà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì wọ́n ní ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ni, irú èyí tó ń ràn. Wọ́n gbé e lọ sí yàrá kẹrin. Bí wọ́n ṣe ń tì í lọ lórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà, ó rí dígí, ó na ìka sí i, ó sì bojú wo ẹ̀yìn, ó wò mí. Wọ́n ti fi ìbòmú afẹ́fẹ́ bò ó lẹ́nu, kò lè sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń sọ. Ó ń sọ pé òun náà ti di oníbàárà mi.

Ní agogo méjì ọ̀sán ni wọ́n ń gba àlejò láyè. Ojoojúmọ́ ni mo ń lọ. Lọ́jọ́ kẹta, ó ti kọ̀wé sórí páálí kan pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà, bí ìgbà tó ń kọ ọ́ sára pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì kìíní, ó sì gbé e lé àyà kí n lè kà á. Ìka kan: ìrora kò pọ̀. Ìka méjì: ó tó, ẹ lọ sílé, ẹ lọ jẹun. Àtẹ́lẹwọ́ lódindi: ẹ má tíì lọ. Ó fa ìlà sábẹ́ ti ìka méjì, torí ó mọ irú ènìyàn tí mo jẹ́.

Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Á gbé ìka kan, màá mi orí. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí, á gbé ìka méjì, màá máa lọ. Lọ́jọ́ tí mo lọ láìfá irùngbọ̀n, ó fi ìka ya irùngbọ̀n sí àgbọ̀n ara rẹ̀, ó sì gbé ìka méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo, tó ń ránṣọ, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Bàbá mi, wọ́n ti lé yín jáde kúrò ní kíláàsì o." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fi ọwọ́ ti ògiri. Ní gbogbo ọjọ́ mọ́kànlá yẹn, Tíṣà kò gbé àtẹ́lẹwọ́ rí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejìlá, dókítà pe ọmọ mi lórí fóònù. Ó ní ibi tó ga jù lọ ni àwọn ti gbé ẹ̀rọ dé. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá wà tó yẹ kó wá, kó wá lónìí, kó má dúró de agogo méjì. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo kọjá sọ́dọ̀ ọmọ mi, a jọ lọ.

Nǹkan bí agogo kan kọjá díẹ̀ ni a dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Dígí là. Tíṣà dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀yìn, ojú rẹ̀ pa dé, nọ́ọ̀sì kan tó wọ aṣọ ìdáàbòbò láti orí dé ẹsẹ̀ dúró ti ẹ̀rọ. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó la ojú. Ó wo òkè àjà, ó wo nọ́ọ̀sì, lẹ́yìn náà ló yí ojú wá síbi tí a wà. Ó rí mi. Mo mọ̀ pé ó rí mi. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gbéra kúrò lórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Kò tíì ká ìka kankan, kò tíì ya ìka kankan sọ́tọ̀, nígbà tí dígí funfun.

Wọ́n sọ fún wa lẹ́yìn náà pé ọkọ̀ akẹ́rù kan ló kọ lu òpó iná ní oríta. Fáànù ọ̀dẹ̀dẹ̀ rọra ń yí lọ títí ó fi dúró. Nínú yàrá, mò ń gbọ́ ẹ̀rọ tó ń bá a mí. Kò dáwọ́ dúró rárá, jẹnẹrétọ̀ ti gbé e. Dígí nìkan ni kò là.

Ọmọ mi ní, "Bàbá, kí ló dé?"

"Iná ló lọ."

"Ṣé yóò là padà?"

"Bí iná bá dé."

"Ìgbà wo?"

Mo lọ wá Òpó. Mo bá a níwájú bọ́ọ̀dù méjèèjì, ó ti ń wò wọ́n, ó sì ti mọ ohun tí mo wá ṣe. Wáyà méjì péré ni, pupa kan, dúdú kan. Mo lè fi ojú dídì rí wọn, torí èmi ni mo dì wọ́n. Ká tú wọn kúrò lára bọ́ọ̀dù àkọ́kọ́, ká so wọ́n mọ́ èkejì, ó parí. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn tó lè fi ọwọ́ kan inú bọ́ọ̀dù kejì, ó gbọ́dọ̀ pa á, ó kéré tán fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Aláìsàn mẹ́fà ló wà lórí rẹ̀. Òpó ní bátìrì inú àwọn ẹ̀rọ náà kì í pẹ́, òun kò sì lè fi ẹ̀mí ẹnikẹ́ni dán an wò. Kò sọ pé rárá. Ó kàn dúró, ó ń wò mí, bí ẹni tó ń dúró kí n bẹ òun.

Mo ní, "Má pa á."

Ọmọ mi ti tẹ̀ lé mi, ó gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá ní ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú sùúrù, bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe. Ṣé a kò lè fa wáyà láti ibòmíràn? A lè fà á, ṣùgbọ́n àpótí kékeré tó ń fún dígí ní ìwọ̀n iná rẹ̀ wà ní òkè àjà inú yàrá náà, mo sì ti fi gọ́ọ̀mù dí etí àjà yípo kí afẹ́fẹ́ àrùn má baà jáde. Iṣẹ́ mi dára. Kò sí ẹni tó lè ṣí i láìwọlé, kí eruku òkè àjà sì má bọ́ sórí ẹni tí mímí ti nira fún. Ṣé kí àwa wọlé wá? Ó lọ bi dókítà ní ìyẹn fúnra rẹ̀. Dókítà ní òfin kò gbà á, àti pé bí òun bá gba ẹnì kan láyè, ẹbí márùn-ún mìíràn ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ òótọ́ lọ́jọ́ náà.

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Mo ti gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, n kò mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń pa á fún.

A padà síwájú yàrá kẹrin. Tẹlifóònù kan wà lára ògiri ibẹ̀ tí a fi ń bá nọ́ọ̀sì inú sọ̀rọ̀. Mo gbé e. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó mi gbé ọwọ́ kí dígí tó funfun. Ìka mélòó ló nà?"

Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ̀rọ ni mò ń wò, mi ò wo ọwọ́ wọn."

Mo ṣàlàyé fún un. Ó ní òun yóò gbé fóònù sí i létí, kí n bá a sọ̀rọ̀, òun yóò sì máa wo ọwọ́ rẹ̀. Mo gbọ́ ìró okùn fóònù tó ń fa nílẹ̀, mo gbọ́ afẹ́fẹ́ tó ń wọ inú ìbòmú tó sì ń jáde. Ojú lọ̀rọ̀ wà, báyìí ni àwọn àgbà wí. Èmi tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ojú nìkan ni mo ní, ojú náà ni wọ́n sì bò. Ọmọ mi fi ọwọ́ tì mí léjìká kí n sọ nǹkan.

Mo ní, "Tíṣà, èmi nìyí. Mo wà lẹ́yìn dígí."

Nọ́ọ̀sì gba fóònù padà. Ó ní ó gbọ́, ó ń gbé ọwọ́.

"Ìka mélòó?"

"Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, Bàbá. Mi ò lè sọ bóyá kan ni, àbí méjì, àbí gbogbo rẹ̀."

Ìgbà yẹn ni mo rántí ohun tí mo máa ń fi han àwọn oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù. Bí o bá fi ìwé lẹ ẹ̀yìn dígí funfun náà gan-an, o lè kà á láti iwájú, torí pé kò sí àlàfo tí ìmọ́lẹ̀ fi máa tú ká. Gbé e sẹ́yìn ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin, ó di òjìji. Gbé e sẹ́yìn ní ìwọ̀n gígùn apá kan, ó di kùrukùru. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì pé kó ti bẹ́ẹ̀dì wá sí ẹ̀bá dígí, kó gbé ọwọ́ Tíṣà lé e. N kò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì tó fi ṣe é. Mo gbọ́ tó ń tú ìjánu táyà bẹ́ẹ̀dì, mo gbọ́ táyà tó ń bọ̀.

Funfun náà ṣókùnkùn díẹ̀ nísàlẹ̀. Nǹkan kan wà níbẹ̀, kò ní orí, kò ní etí. Lẹ́yìn náà táyà dúró.

Nọ́ọ̀sì ní, "Rọ́bà afẹ́fẹ́ ti nà tán, Bàbá. Kò lè dé."

"Ó kù tó báwo?"

"Ó kù bí apá kan."

Nọ́ọ̀sì fẹ́ kí n mọ̀ pé òun wà níbẹ̀, bóyá ó sì rò pé ó lè tù mí nínú. Ó gbé ọwọ́ ara rẹ̀ lé dígí. Mo rí i kedere: ìka márùn-ún nínú ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ibi tí rọ́bà náà ti ká jọ ní ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò, gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ tí mo rí kì í ṣe èyí tí mo wá wò. Lẹ́yìn rẹ̀, nísàlẹ̀, ohun tó ṣókùnkùn náà gbéra díẹ̀, ó dúró sókè, ó sì padà sílẹ̀.

Ọmọ mi ní, "Bàbá, ṣé ọwọ́ wọn nìyẹn?"

Mo ní, "N kò mọ̀."

A dúró síbẹ̀. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé ẹ̀gbẹ́ tèmi nínú dígí, n kò sì mọ ìdí tí mo fi ṣe é, torí pé kò lè rí ìyẹn náà. Nígbà tó kù díẹ̀ kí agogo mẹ́ta ààbọ̀ lù, ìró ẹ̀rọ yí padà. Àwọn ènìyàn wọlé láti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn. Lẹ́yìn náà nọ́ọ̀sì gbé fóònù, ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá, wọ́n ti dákẹ́."

Iná dé lẹ́yìn agogo mẹ́rin. Dígí là lẹ́ẹ̀kan náà, bó ṣe yẹ kó là. Wọ́n ti fi aṣọ bò ó dé orí, wọ́n sì ti to ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ aṣọ.

Bí a ṣe ń rìn lọ sílé, ọmọ mi ní kí n má da ara mi láàmú, pé "ẹ lọ jẹun" ni ìyá òun sọ, torí ohun tí wọ́n máa ń sọ nìyẹn nígbà gbogbo. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ tí mo rí kẹ́yìn kí dígí tó funfun, gbogbo ìka rẹ̀ ló ṣí sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gbé ìka méjì á kọ́kọ́ gbé ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ sọ pé má lọ á gbé e bẹ́ẹ̀ náà. Bí ó bá jẹ́ pé ó ní kí n lọ jẹun, ó dára, mo ti ń jẹun. Bí ó bá jẹ́ pé ó ní kí n má tíì lọ, n kò mọ ohun tí mo fi dá a lóhùn.

Nígbà tó lé ní oṣù kan, Òpó pè mí. Ó ní wọ́n ti kó àwọn aláìsàn kúrò ní wọ́ọ̀dù náà fún ọ̀sẹ̀ kan kí àwọn akunlé lè ráyè kùn ún, àti pé kò sí nǹkankan lórí bọ́ọ̀dù kejì. Ó ní tó bá nira fún mi, òun lè wá ẹlòmíràn. Mo ní èmi ni mo so ó, èmi ni màá tú u.

Iṣẹ́ ogún ìṣẹ́jú ni. Òpó pa bọ́ọ̀dù méjèèjì. Mo tú wáyà pupa àti dúdú kúrò lára àkọ́kọ́, mo bó orí wọn, mo so wọ́n mọ́ èkejì, mo sì kọ ọjọ́ sí etí rẹ̀. A tan gbogbo rẹ̀ padà, lẹ́yìn náà Òpó gé iná ìlú kí a lè dán an wò. Gílóòbù kú. Fáànù rọra dúró. Dígí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò yí padà rárá. Wọ́n mọ́ gaara láti òkè dé ilẹ̀.

Òpó ní, "Ó ti dára báyìí, Bàbá." Lẹ́yìn náà ó wò mí, ó sì tẹ orí ba.

Ó bi mí bóyá kí òun dá iná ìlú padà. Mo ní kó fi í sílẹ̀ díẹ̀. Mo lọ síwájú yàrá kẹrin. Bẹ́ẹ̀dì náà wà láyè rẹ̀ lára ògiri, wọ́n ti bọ́ aṣọ orí rẹ̀, wọ́n sì ti ká rọ́bà afẹ́fẹ́ kọ́ ara ìṣó. Ojú ọ̀nà táyà ṣì hàn nílẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, ó wá láti ìdí ògiri, ó dúró kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Mo fi ojú wọ̀n ọ́n. Ó kù bí apá kan lóòótọ́.

Ilẹ̀kùn yàrá náà ṣí sílẹ̀ gbayawu nítorí àwọn akunlé. N kò wọlé. Ibi tí mo máa ń dúró sí ni mo dúró sí, títí Òpó fi rọra sọ fún mi pé àwọn fẹ́ ti ọ̀dẹ̀dẹ̀.